Ohun Tí A Dá Sí

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú onítànṣán nílẹ̀ Ìbàdàn, bí a ṣe jó kókó tó la fi ń mọ̀ bóyá a ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá ti gba iye ìtànṣán tó yẹ kó gbà, tí kókó ara rẹ̀ sì ń rọ, inú wa á dùn. Awọ tó dúdú tó sì bó, ọ̀fun tó gbẹ, irun tó re tán, gbogbo wọn la kà sí owó tí èèyàn gbọ́dọ̀ san kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn. Lónìí, bí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá gbé ètò ìtọ́jú wá pé kí n fọwọ́ sí i, n kì í kọ́kọ́ wo kókó náà. Ohun tó yí i ká ni mo ń wò: iṣan ojú, iṣan etí, ìdí ọpọlọ, ibi tí ìrántí ń gbé. Mo máa ń ka ohun tí a fẹ́ dá sí kí n tó ka ohun tí a fẹ́ pa. Nínú gbogbo àyípadà tó ti bá iṣẹ́ wa, èyí ni mo kà sí àgbà, ó sì ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Ẹ̀rọ kóbáltì la ń lò nígbà náà. Irin kóbáltì-60 kékeré kan wà nínú orí ẹ̀rọ náà, òun ló ń tú ìtànṣán jáde lọ́sàn-án lóru, yálà a lò ó tàbí a kò lò ó. Láàárín nǹkan bí ọdún 5 àti oṣù 3, agbára rẹ̀ á ti dín sí ìdajì. Nítorí náà, ìtọ́jú tó ń gba ìṣẹ́jú 2 nígbà tí irin náà ṣì jẹ́ tuntun á di ìṣẹ́jú 4, bí wọn ò bá sì rí owó pààrọ̀ rẹ̀, á di 8. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà tó dùbúlẹ̀ lórí pákó títí apá fi kú u, tí èrò sì kún ìloro tí wọ́n ń retí kó dìde. Ẹni tí jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ bá ti ta ọmọ sínú ọpọlọ, gbogbo orí rẹ̀ la máa ń jó, láti iwájú dé ìpàkọ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2. Ìrònú tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòroó yé: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. A kò mọ ibi tí èyí tí ojú ò rí fara pa mọ́ sí, kí a kúkú jó gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn gba ẹ̀mí là, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sì wà níbi tó ṣì ń gbà á là títí dòní. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jó gbogbo orí wọn, tí wọ́n sì rù ú là, ni ọmọ wọn fà lọ́wọ́ padà wá sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ọmọ á rọra bá wa sọ ọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, pé, “Dókítà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Màámi ń bi mí ní ìbéèrè kan náà láàárín wákàtí kan. Lánàá, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti kú ni wọ́n fi pè mí.” Kò sí èsì kan tí a lè fún wọn ju pé jẹjẹrẹ náà kò ì tíì padà. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ọkùnrin tó mú èrò gba ọ̀nà mìíràn ni Lars Leksell, dókítà oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ìlú Stockholm ní Sweden. Ọdún 1951 ló kọ̀wé pé èèyàn lè fi ìtànṣán ṣe iṣẹ́ ọ̀bẹ nínú orí láìla agbárí. Òun àti onímọ̀ físíìsì kan tó ń jẹ́ Börje Larsson wá a títí, ní 1968 sì ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú hóró kóbáltì 179 tí wọ́n tò yí orí ká, tí ìtànṣán gbogbo wọn kọjú sí ojú kan ṣoṣo. Ẹ fojú inú wo ọ̀pọ̀ ọdẹ nínú igbó lóru, tí oníkálukú dúró sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí gbogbo wọn sì tan àtùpà orí wọn sí ẹran kan náà. Ìmọ́lẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan, kì í ṣe ewé tó là kọjá ní ohunkóhun. Ibi tí gbogbo wọn ti pàdé lára ẹran náà ló mọ́lẹ̀ kedere. Bí ìtànṣán afojúsùn ṣe rí nìyẹn. Ọpọlọ tí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan gbà kọjá kò mọ̀ ọ́n lára, kókó tó wà níbi ìpàdé wọn ni kò lè yè é. Nínú irú ẹ̀rọ yẹn tí wọ́n ń lò lóde òní, hóró 192 ló wà. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn kò lo kóbáltì rárá. John Adler, dókítà ọpọlọ ní Stanford ní Amẹ́ríkà, tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Leksell, gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná mànàmáná ṣe ìtànṣán lé apá róbọ́ọ̀tì, ó sì fi tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ ní 1994. Apá yẹn ń yí ara aláìsàn ká, ó ń ta ìtànṣán láti igun tó lé lọ́gọ́rùn-ún.

Kókó kọ́ ló ká Leksell lára nígbà tó kọ́kọ́ gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Ìrora tí kò gbóògùn àti àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n ló ń bá jà. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó lè rí kókó kékeré nínú ọpọlọ èèyàn tó wà láàyè. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n máa ń fẹ́ sínú ihò inú ọpọlọ kí wọ́n tó ya ẹ́síréè, wọ́n á wá wo ibi tí òjìji ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, wọ́n á sì máa méfò. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi síkáànù CT, ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe, wo orí aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. MRI tẹ̀ lé e láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ìgbà yẹn ni ọ̀nà Leksell tó di ọ̀nà ìtọ́jú kókó ní tòótọ́. Àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ agbára. Mo máa ń rán àwọn ọmọ iṣẹ́ létí pé agbára ti wà tipẹ́, ojú ni kò sí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwa tí wọ́n fa orí ẹlòmíràn lé lọ́wọ́ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ orí pàápàá kò rí bákan náà lọ́dọ̀ gbogbo èèyàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ibi tí a pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Mo ti rí àwọn tó gbà kí wọ́n gé ẹsẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà ti bà jẹ́, tí wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní la orí àwọn. Àwọn dókítà kan máa ń pe èyí ní àìmọ̀kan. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré pé kó máa bọ̀wọ̀ fún orí rẹ̀, tó ń gbé ọwọ́ lé e láràárọ̀ kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò lè fi í fún ayùn láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ìbẹ̀rù yẹn ní ọgbọ́n nínú, ó sì yẹ kí dókítà jókòó tì í.

Nígbà tí mo lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹ̀rọ Leksell ti kọ́kọ́ dé ìlú Sheffield ní 1985, bàbá kan wà láàárín àwọn aláìsàn wa, ọmọ Yorùbá tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kókó wà lára iṣan etí rẹ̀ òsì. Kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì gbọ́ pé ọ̀nà mìíràn wà. Láàárọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú, a gbé férémù wá, irin onígun mẹ́rin tí wọ́n máa ń fi ìdè mẹ́rin dè mọ́ agbárí kí orí má bàa yẹ̀ ní ìwọ̀n irun. Bàbá wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, dúró ná.” Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àtàrí, ó mi ètè, ó ní orí ẹni làwúre ẹni, ó wá ní, “Ó yá, ẹ máa bọ̀.” Dókítà tó ń ṣe é, òyìnbó ni, ó dúró títí bàbá fi ṣe tán. N kò gbàgbé ìdúró yẹn fún un.

Abẹ́rẹ́ mẹ́rin tí kì í jẹ́ kí ara mọ ìrora la gún un, méjì níwájú orí, méjì ní ìpàkọ́, abẹ́rẹ́ yẹn ló sì dùn ún jù. Nígbà tí ìdè wọlé, ó ní ó ń fún òun, kò ní ó ń dun òun. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, fífún náà lọ. A gbé e lọ sí MRI pẹ̀lú irin yẹn lórí, a dá a padà sórí ibùsùn, ó sì ń jẹ búrẹ́dì níbi tí àwa ti kó ara wa jọ síwájú kọ̀ǹpútà, dókítà ọpọlọ, dókítà onítànṣán àti onímọ̀ físíìsì. Àríyànjiyàn wa kò ju lórí mílímítà 1 lọ: ṣé kí etí ìtànṣán kan ìdí ọpọlọ, àbí kí a fà á sẹ́yìn kí igun kókó kan má rí tó? A fà á sẹ́yìn. Ó gba ìtànṣán tó tó gray 12 létí kókó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò gbọ́ ariwo, kò mọ ooru kankan, orin ló ń gbọ́ nínú yàrá. Nígbà tí a tú férémù, àmì kékeré méjì ló wà níwájú orí rẹ̀, a fi pílásítà bò wọ́n. Ó ní, “Wọn ò là á?” Mo ní, “Wọn ò là á, Bàbá.” Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Irú ìròyìn báyìí máa ń ya ènìyàn lẹ́nu, ó sì ń fa ìṣòro tirẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé ìtọ́jú kan wà tí kì í la ara, àwọn tó ń sá fún ọ̀bẹ ń wá wa kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mo máa ń dá padà sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí kókó bá ti ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ìtànṣán tó máa ta sí ara tó dáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á pọ̀ ju ohun tí a lè gbójú fò lọ. Bí kókó bá ń tẹ ọpọlọ, tí aláìsàn ń bì tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kò ní àkókò láti dúró de ìtànṣán, nítorí ìtànṣán kì í ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Bí ó bá fara ti iṣan ojú, iṣan yẹn kò lè gbà ju nǹkan bíi gray 8 lọ lẹ́ẹ̀kan, iye yẹn kì í sì í sábà tó láti ṣẹ́gun kókó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba ihò imú wọlé yọ èyí tó ṣeé yọ, kí àwa wá mú èyí tó kù. Nígbà tí Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dé sí ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ní 1962, kò sí síkáànù CT níbikíbi láyé. Òjìji ẹ́síréè, ọwọ́ rẹ̀ àti ọ̀bẹ rẹ̀ ló fi wá kókó rí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ wa kẹ́gàn iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀bẹ tún ní ohun kan tí ìtànṣán kò ní: ó ń mú ẹ̀rí jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú fọ́tò ọpọlọ tó ní kókó kan roboto nínú. Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ti ń bọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, ẹbí rẹ̀ sì ti ta ilẹ̀ láti san owó ìtọ́jú wa. Gbogbo fọ́tò náà ló bá ohun tí wọ́n sọ mu. Ohun tí kò bá a mu ni ibà tó ń ṣe é lálaalẹ́ àti ikọ́ tí àbúrò rẹ̀ ń wú. A bẹ oníṣẹ́ abẹ pé kó fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ikọ́ ife ni, tó ti ṣù jọ sínú ọpọlọ. Oògùn ikọ́ ife ló lò, ara rẹ̀ sì yá. Bó bá jẹ́ pé àìfẹ́ la orí ló darí wa, à bá fi ìtànṣán lu ohun tí kì í ṣe ọ̀tá wa.

Ibi tí ìtọ́jú yìí ti ń dán ọkàn èèyàn wò jù ni lẹ́yìn tó bá parí. Ará ilé wa gba ohun tí ojú rí gbọ́. Bí wọ́n bá yọ fáíbírọ́ìdì fún obìnrin, nọ́ọ̀sì á gbé e jáde nínú abọ́ kí ọkọ rẹ̀ rí i, ọkọ á mi orí, á sì dúpẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí abọ́. Kókó tí a pa, ibi tó wà náà ló kú sí. Nínú fọ́tò oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ṣì wà níbẹ̀ gbáko.

Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan, ìyá onísùúrù tó mọ̀wé dáadáa, ló jẹ́ kí n mọ bí ìdúró yẹn ṣe le tó. Irú kókó tí bàbá Lọ́ńdọ̀nù ní ni òun náà ní. Lẹ́yìn oṣù 6, a ya síkáànù, kókó náà sì ti tóbi sí i. A mọ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀: ìtànṣán máa ń mú kí irú kókó yìí wú fún ìgbà díẹ̀ kó tó súnkì. A ti sọ ọ́ fún wọn ṣáájú. Ṣùgbọ́n ohun tí a sọ ní oṣù 6 sẹ́yìn kò lágbára níwájú fọ́tò tí ọmọ wọn kan fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn mìíràn, níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n tètè la orí ìyá náà. Fóònù wa ò sinmi ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo ọmọ pè, àna pè, pásítọ̀ pè. Ìyá náà nìkan ni kò pè. Ó wá fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó ní, “Dókítà, ẹ wojú mi. Ṣé bí mo bá jẹ́ ìyá yín, ẹ ó ní kí n dúró?” Mo ní, “Ẹ ó dúró, Mà.” Ó dìde, ó lọ sílé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, gbogbo wa la mọ òwe yẹn lórí. Ìyá yẹn ló gbé e wọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, kókó náà ti padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn ọdún kejì, ó kéré sí i. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, kò kàn dàgbà mọ́ ni. Bó ṣe ń rí fún ohun tó lé ní 90 nínú 100 irú kókó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ìyá náà ṣì máa ń bi mí bóyá kò sí bí a ṣe lè palẹ̀ òkú rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo wíwú ló ń lọ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n sọ ọ́. Nígbà mìíràn, ọpọlọ tó wà létí kókó á kú pẹ̀lú rẹ̀, á sì wú lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí a ó fi máa fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú wíwú wálẹ̀. Fọ́tò kò tilẹ̀ fi ìyàtọ̀ hàn kedere nígbà gbogbo láàárín èyí àti jẹjẹrẹ tó ń padà bọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìtọ́jú yìí kò ní ewu nínú, ó ń ta ọjà ni.

Ẹni tó jẹ́ kí n dá ohun tí iṣẹ́ yìí wà fún mọ̀ dájú ni ìyá aláṣọ kan tó ń tajà ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn. Jẹjẹrẹ ọmú rẹ̀ ti ta ọmọ mẹ́ta sínú ọpọlọ. Ìyá yìí kò ní ìwé gbèsè. Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó, láti Ìbàdàn dé Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, iye tí wọ́n jẹ, irú aṣọ tí wọ́n gbé, ọjọ́ tí wọ́n dá, orí rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́, gbogbo orí yẹn là bá jó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la fojú sun àwọn kókó náà, a sì tọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan.

Kì í ṣe àánú ojú lásán ló sún wa ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2009, àwọn dókítà kan ní Houston ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó ní aláìsàn 58 nínú. Wọ́n fi ìtànṣán afojúsùn nìkan tọ́jú àwọn kan, wọ́n fi jíjó gbogbo orí kún un fún àwọn yòókù. Ìwádìí náà kò dé òpin tí wọ́n fi dá a dúró, torí pé nígbà tó fi máa di oṣù 4, ìrántí àti ẹ̀kọ́ kíkọ́ àwọn tí wọ́n jó gbogbo orí wọn ti ń lọ sílẹ̀ ju tàwọn kejì lọ. Ní 2014, àwọn ará Jàpáànì gbé tiwọn jáde, aláìsàn 1,194, ó sì hàn pé àwọn tó ní kókó 5 sí 10 nínú ọpọlọ, tí wọ́n fi ìtànṣán afojúsùn nìkan tọ́jú, kò kú ṣáájú àwọn tó ní 2 sí 4. Ohun tí a ń fi ìbẹ̀rù ṣe, pé kí a jó gbogbo rẹ̀, kò fi ọjọ́ kún ọjọ́ wọn. Lóòótọ́, ọpọlọ tí a kò jó lè hu kókó tuntun níbòmíràn, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ máa padà wá ya síkáànù ní oṣù 2 sí 3. Ìyá aláṣọ padà wá, a tún mú ọ̀kan sí i.

Jẹjẹrẹ tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ló pa á nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ohun tó lé ní ọdún kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó sì gbé ìwé kékeré kan wá tí òun kọ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti orí ibùsùn ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀: orúkọ, iye, aṣọ, ọjọ́. Ó ní òun ti lọ bá àwọn èèyàn náà, kò sì sí ẹnì kan tó jiyàn.

Iṣẹ́ yìí ti kúrò ní orí nìkan. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń lò ó fún ọ̀pá ẹ̀yìn, àti fún ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀, níbi tí mímí ti ń gbé kókó sókè sódò tí ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e. Ní 2010, wọ́n gbé èsì jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn 55 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣì kéré àmọ́ tí ara wọn kò lè gba iṣẹ́ abẹ. Ìgbà mẹ́ta péré ni wọ́n gba ìtànṣán. Lẹ́yìn ọdún 3, kókó tí wọ́n lù kò tún hù níbi tó wà lára nǹkan bí 98 nínú 100 wọn. Síbẹ̀, nǹkan bí 56 nínú 100 ló ṣì wà láàyè, nítorí ara tí kò lè gba ọ̀bẹ ti ru ẹrù tó ju kókó kan lọ. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Mo máa ń fi nọ́ńbà méjèèjì han àwọn ẹbí, n kì í fi ọ̀kan pa mọ́ kí èkejì lè dùn létí wọn.

Nílé wa ńkọ́? Ní 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ṣí ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, pẹ̀lú ẹ̀rọ òde òní tí kì í lo kóbáltì, àwọn mìíràn sì ti ń tẹ̀ lé e. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ àwọn tó ní agbára láti lọ sí Íńdíà ṣì ń lọ, àwọn tí kò ní ń ta ohun tí wọ́n jogún. Bí àwọn olóṣèlú bá ti ń béèrè lọ́wọ́ wa pé ẹ̀rọ mélòó la fẹ́, èmi máa ń béèrè pé onímọ̀ físíìsì mélòó la ní, ta ni yóò sì máa san owó iṣẹ́ wọn kí wọ́n má bàa tẹ̀ lé àwọn nọ́ọ̀sì wa lọ sí òkè òkun. Ẹ̀rọ kóbáltì àtijọ́ máa ń dárí ji ẹni tó bá yẹ̀ díẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ fẹ̀. Ìtànṣán afojúsùn kò mọ ìdáríjì. Bó bá yẹ̀ ní mílímítà 2, ohun tí a fẹ́ dá sí gan-an ló máa lù.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì níbi tí mo wà, tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wọn ẹ̀rọ láàárọ̀ bó ṣe máa ń ṣe, iye tó rí kò sì bá ti ìwé mu. Aláìsàn ti wà nílẹ̀, Ìlọrin ló ti wá ní alẹ́ àná, kókó rẹ̀ sì fara ti iṣan ojú. Àwọn ẹbí bẹ̀bẹ̀. Dókítà kan tó ju ọmọ náà lọ dáadáa ní kó jẹ́ ká máa lọ, pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó bẹ gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, ó sì ní òun kò ní fọwọ́ sí i. Mo ní kò sí ìtọ́jú lónìí. Aláìsàn lọ sùn sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ ní Ṣómólú ní Èkó, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ṣiṣẹ́ di òru. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó pé, ó fọwọ́ sí i, a sì bẹ̀rẹ̀.